Ohun Tí Ara Ń Ṣe àti Ohun Tí Ara Kọ̀ Láti Ṣe

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ti ń fò. Kò dùn mí, kì í sì í ṣe pajápajá tí ó máa ń mú ènìyàn lóru, tí a ó máa na ẹsẹ̀ títí yóò fi tú. Bí mo bá jókòó tí mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ojú ni mo fi ń rí i: awọ ara yóò gbọ̀n díẹ̀ ní ojú kan, yóò dákẹ́, yóò sì tún gbọ̀n níbòmíràn tí kò ju ìwọ̀n ìka méjì lọ sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, kò mọ sí ẹsẹ̀ mọ́. Ó dé apá, ó dé ìpéǹpéjú, ó sì dé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń di báírò mú nígbà tí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Nígbà tí mo sọ ti ìpéǹpéjú fún ìyá mi, wọ́n bi mí bóyá ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó bí wọn, ti òkè ń sọ pé ènìyàn yóò rí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń wá tipẹ́, ti ìsàlẹ̀ sì ń sọ ti ẹkún. Ti ìsàlẹ̀ ni. N kò sọ fún wọn. Mo ní ti òkè ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun, wọ́n ń wo ẹni tí ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi gbé ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn lọ sílé, ó sì bá mi sùn fún ọ̀pọ̀ òru.

## Orúkọ tí mo bá pàdé

Ní òru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ láti wá, mo tẹ ohun tí ń ṣe mí sórí fóònù. Bí mo ṣe ń yí ìbéèrè náà padà tó, orúkọ kan náà ni ó ń yọjú: ALS, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní motor neurone disease. Láti ọdún 1869 ni Jean-Martin Charcot, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀. Òun ni ó mú Lou Gehrig, agbábọ́ọ̀lù baseball ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ọ́ fún ní 1939 tí ó sì kú ní 1941. Òun náà ni ó mú Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọmọ ọdún 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Hawking ṣàrà ọ̀tọ̀, nítorí pé ó lo ohun tí ó lé ní 50 ọdún sí i kí ó tó kú ní 2018. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá mú kì í lò tó ọdún 5.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó bà mí lẹ́rù jù. Láti inú ọpọlọ àti mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ti ń gbé àṣẹ lọ bá iṣan ara: dìde, di èyí mú, gbé èyí mì, mí. Nínú àìsàn yìí, àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀. Iṣan tí kò bá rí àṣẹ gbà mọ́ yóò rọ, yóò gbẹ, kí ó sì tó gbẹ tán yóò máa fò. Ibi tí mo kà á dé pé yóò máa fò ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi nínú òkùnkùn.

Mo kà á pẹ̀lú pé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka iye àwọn tí ó ń mú, kò ju nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100,000 lọ lọ́dún. Ó yẹ kí iye yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo mọ ẹnì kan tí ó ṣe.

## Ṣọ́ọ̀kì tí ó ń bọ́

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ilé-ìwé ni, olùkọ́ ìṣirò, ẹni tí ó máa ń fa ìlà tí ó gún lójú pátákó láìlo rúlà. Ṣọ́ọ̀kì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ a mú un fún un, yóò sì máa kọ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ẹran tí ó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀ sì rì wọlé, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá nawọ́ sí ènìyàn láti bọ̀ ọ́, ènìyàn yóò rí kòtò níbẹ̀. Bí a bá bi í, ìdáhùn kan náà ni ó máa ń fún wa: "Kò dùn mí." Nígbà tí ó di pé kò lè gbé apá dé òkè pátákó mọ́, àwọn kan ní ẹ̀gbà ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa gbé e dé Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ ti ń wúwo lẹ́nu. Ó kú kí ọdún kejì tó yí po.

Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà tí ara mi ti ń fò ni mo ti ń dán ara mi wò. Láàárọ̀, mo máa ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lójú àtẹ̀gùn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lálẹ́, mo máa ń yọ ahọ́n síwájú dígí, mo sì máa ń wò ó títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ̀n. Bí ife bá fẹ́ yọ́ lọ́wọ́ mi, àyà mi á já. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́yìn mi níwájú dígí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń wò lẹ́nu yín láti ọjọ́ yìí?" Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bá mi jiyàn, kò sì sọ pé kí n má ronú mọ́. Ó ní kí a lọ rí dókítà, òun yóò sì bá mi lọ.

## Ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn sí

Ìlú tí ó ti mọ ilé ìwòsàn tipẹ́ ni ìlú wa. Láti 1907 ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti dá èyí tí ó pẹ́ jù sílẹ̀ níhìn-ín. Kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò wò mí. Ohun tí ó ṣòro ni láti jókòó níwájú rẹ̀.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: ibi tí ó ti fò, àsìkò tí ó fò, bí ó ṣe pẹ́ tó, apá ọ̀tún àbí òsì. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó gba ìwé náà, ó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo ti rí ohun tí ara yín ń ṣe. Kí ni ó kọ̀ láti ṣe?"

N kò rí ìdáhùn. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ó dúró dè mí fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lẹ́yọ lẹ́yọ. Ṣé bọ́tìnì ẹ̀wù ń fún mi ní wàhálà? Ṣé omi tàbí ọbẹ̀ máa ń gba ibi tí kò yẹ lọ́fun mi tí n ó fi máa wúkọ́? Ṣé sálúbàtà máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo bá ń rìn, tí n kò sì ní mọ̀? Ṣé àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ mi kò já gaara mọ́? Ṣé mo máa ń fi ọwọ́ ti ara mi kí n tó lè dìde lórí àga? Rárá ni mo ń dáhùn sí gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń dáhùn, òun náà sì ń mi orí.

Ó ní kí n bọ́ ṣòkòtò àti ẹ̀wù. Ó fi iná wo itan mi àti èjìká mi fún ìgbà pípẹ́, ó tẹ ẹran àárín àtàǹpàkò mi wò. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ nìkan rìn lọ, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn bọ̀, kí n lóṣòó kí n sì dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ó fi òòlù kékeré onírọ́bà lu orúnkún mi, ó fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ fa àtẹ́lẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ lọ sókè, ó ń wo ọ̀nà tí ọmọ ìka ńlá yóò gbà: bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀, ó dára; bí ó bá nà sókè lára àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tèmi tẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ó kan ẹnu, mo yọ ahọ́n síta gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n ó ní kí n dá a padà, kí n kàn la ẹnu, kí n sì jẹ́ kí ahọ́n sùn sílẹ̀. Ó ní ahọ́n tí a bá nà síta máa ń gbọ̀n lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó bá sùn sílẹ̀ tí ó ń fò ni àwọn ń wá.

Nígbà tí mo ń wọ aṣọ mi padà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ìṣirò sọ sí mi lọ́kàn ní ọ̀nà mìíràn. Ní gbogbo àkókò tí ó fi ń ṣàìsàn, n kò gbọ́ ọ kí ó sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹran ara òun ń fò. Ó ṣeé ṣe kí ó máa fò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fífò ni àìsàn náà fi kọ́kọ́ hàn. Ṣọ́ọ̀kì ni. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ṣe ni gbogbo wa fi ojú rí, tí a sì ń mú un fún un nílẹ̀.

Dókítà sọ pé bí fífò yìí bá wà láìsí àárẹ̀ iṣan, láìsí gbígbẹ, tí àyẹ̀wò sì dára bí tèmi ṣe dára, kì í ṣe ọ̀nà tí àìsàn náà máa ń gbà wọlé. Ó mẹ́nu ba ìwádìí kan tí ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993: ènìyàn 121 tí ara wọn ń fò báyìí ni wọ́n tọ pinpin, àwọn kan fún ọdún 2, àwọn mìíràn tó ọdún 32, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí motor neurone disease mú. Mo béèrè bóyá kí n lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún iṣan láti mọ bí iná inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní kò tíì pọn dandan. Bí iṣan kan bá rọ, òun fúnra òun ni yóò kọ ìwé rẹ̀.

## Obì, ẹ̀wà àti gàrí

Ó kù kí a mọ ohun tí ń fà á. Ó bi mí nípa oorun, mo sọ òtítọ́ pé n kò sùn dáadáa láti ìgbà ìdánwò. Ó bi mí ohun tí ó ń jẹ́ kí n lè jókòó títí òru. Obì ni, gbànja, mo máa ń jẹ ẹ́ bí mo bá ń máàkì. Èròjà tí ó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, òun náà ni ó wà nínú obì, ó sì máa ń mú kí iṣan fò. Àìsùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìpayà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ń fò tí ó sì ń pa oorun rẹ̀ run nítorí rẹ̀ ń dá kún ohun tí ó ń sá fún ni.

Ó bi mí bóyá mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ènìyàn tọ̀, nítorí pé ó lè fọ àwọn iyọ̀ tí iṣan nílò kúrò lára. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wo kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù, àti bí kókó ọrùn, èyí tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tún bi mí bóyá mo ń fín oògùn kòkòrò lóko kaṣú, tàbí bóyá mo ń da oògùn sí ẹ̀wà tí mo bá tọ́jú. Ìbéèrè tí gbogbo ilé yẹ kí ó gbọ́ ni èyí. Púpọ̀ nínú oògùn kòkòrò wọ̀nyí ló máa ń dí ohun tí ń pa iná àṣẹ lára iṣan lọ́wọ́, tí àṣẹ fi máa ń dé láìdáwọ́dúró: iṣan á máa fò, itọ́ á máa dà, òógùn á bo ènìyàn, bí ó bá sì pọ̀, mímí á dá dúró. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò nílé. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè gàrí ni n kò retí. Ó bi mí nípa gàrí tí mo ń jẹ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó bí iná, bóyá ẹsẹ̀ mi ń kú, bóyá ojú tàbí etí mi ń dín agbára kù. Ní Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1960 lọ, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ti ṣe iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n sí lórí àwọn tí ẹgẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa ń bá jà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹgẹ́ kan tó kí wọ́n tó yan án, májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kì í jáde tán, ẹni tí ó bá sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún láìsí ẹran tàbí ẹja tó lè rí i pé ẹsẹ̀ òun kò mọ ilẹ̀ mọ́. Inú mi dùn pé ó béèrè, nítorí pé àrùn ọpọlọ àti iṣan tí ó jẹ́ tilẹ̀ wa gan-an ni èyí, fóònù mi kò sì dárúkọ rẹ̀ fún mi ní gbogbo òru tí mo fi ń wá a.

## Àmì àti àdánù

Mo ti ń ronú láti ìgbà náà lórí ìdí tí ìbéèrè kan ṣoṣo fi ṣe fún mi ohun tí gbogbo òru ìwádìí kò lè ṣe. Mo gbà pé ọ̀nà tí a gbà tọ́ wa láti gbọ́ ohùn ara ló fà á. Bí ẹsẹ̀ bá kọ, a ó béèrè bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Bí ìpéǹpéjú bá gbọ̀n, a ó béèrè bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Àmì ni ara jẹ́ fún wa, àmì sì máa ń sọ ohun tí ń bọ̀. Fóònù kò kọ́ mi ní ohun tuntun rárá nínú èyí: ìyá mi gbọ́ pé ìpéǹpéjú ń gbọ̀n, wọ́n sọ ti àlejò àti ti ẹkún, fóònù gbọ́ ohun kan náà, ó sọ ti ikú. Àwọn méjèèjì mú ohun kékeré lónìí, wọ́n sì fi ọ̀la gbogbo lé e lórí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyá mi mọ̀ mí, wọ́n sì ń wo ojú mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè dókítà kò kan ọ̀la. Òní ni ó ń béèrè, àdánù ni ó sì ń béèrè, kì í ṣe àmì. Ohun tí ènìyàn kò lè ṣe mọ́ kò nílò ìtumọ̀: bọ́tìnì dè tàbí kò dè. Ọmọ ilé náà lè rí i, alájọṣiṣẹ́ lè rí i, kò sì di dandan kí ènìyàn yọ ahọ́n ní òru kí ó tó mọ̀. Ìfura loògùn àgbà, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ìfura ni ó gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n lílò. Nígbà tí àyẹ̀wò ti dára, tí ìfura kò sì tíì sinmi, ó ti kúrò ní oògùn, ó ti di ohun tí a ní láti tọ́jú fúnra rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí a lè sọ èyí fún dókítà láìtijú, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ti ibà.

Àbájáde ẹ̀jẹ̀ dára. Mo ti dín obì kù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn kí aago mọ́kànlá tó lù. Dókítà ní kí n má dán ara mi wò mọ́ títí di ìgbà tí n ó padà wá. Iṣẹ́ òun ni láti wò mí, iṣẹ́ tèmi ni láti máa gbé ayé mi. Ara mi ṣì ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣàlàyé pé ó lè pẹ́ kí ó tó lọ, ó sì lè má lọ tán.

## "Kò dùn mí"

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ìdáhùn ẹ̀gbọ́n wa yẹn. Bí ìrora bá mú wa ní ìlú yìí, a máa ń wá nǹkan ṣe sí i. Àárẹ̀ iṣan tí kì í dunni ni a máa ń bá gbé. Mo pariwo nítorí ẹran ara tí ń fò, mo sì rí ẹni tí yóò gbọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ lójú wa, òun àti àwa sì ń retí pé yóò kọjá lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé àǹfààní wo ni ó wà nínú lílọ kíákíá nígbà tí àìsàn náà kò ní oògùn tí ń wò ó sàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ó bá rọ ni ó jẹ́ ALS. Eegun ọrùn tí ó tẹ mùdùnmúdùn mọ́lẹ̀ lè mú ọwọ́ rọ. Àìtó fítámì B12 lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ilẹ̀. Àìsàn iṣan kan tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis máa ń mú kí ìpéǹpéjú wọ́ sílẹ̀, kí ohùn sì wúwo bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìtọ́jú wà fún, bí a bá sì dúró pẹ́, apá kan ohun tí ó ti bàjẹ́ kò ní padà. Èkejì ni pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ALS, oògùn tí wọ́n ń pè ní riluzole, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995, máa ń fi oṣù díẹ̀ kún ẹ̀mí. Àwọn ohun èlò tí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mí àti láti jẹun wà. Ó sì máa ń fún ẹni náà ní àkókò láti sọ ohun tí ó fẹ́ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n wa kò rí àkókò yẹn. Inú àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó fi ṣe é ni gbogbo rẹ̀ lọ sí.

Mo ti bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa pé kí wọ́n jẹ́ kí dókítà náà wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí sáà yìí tó parí, wọ́n sì ti gbà. Mo ti sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àìsàn kankan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tí ó bi mí, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ́ wa bí a ṣe lè mọ̀ bí ọwọ́ ẹnìkan láàárín wa bá ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀.